Aṣọ Ìlúwẹ̀ẹ́ Kì Í Gbẹ Lábẹ́ Ìró

Modúpẹ́, àbúrò ọkọ mi, ni ó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí. Mo mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Mo ti pè é. Ọkọ mi ti wọ káà ilẹ̀, ìyá ọkọ mi ti lọ, bàbá ọkọ mi ti ṣáájú wọn, èmi fúnra mi sì ti kọjá ẹni àádọ́rin ọdún. Ẹni tí yóò bá mi wí kù síbo?

Nígbà tí wọ́n mú mi wọlé gẹ́gẹ́ bí ìyàwó tuntun ní Agbówó, Modúpẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ní ilé-ìwé girama ni. Mo dàgbà jù ú lọ, mo sì ti ń parí lọ ní fásitì, ṣùgbọ́n ó ti wà nínú ilé kí n tó dé, nítorí náà òun ni àgbà mi. Mo kúnlẹ̀ fún un. Mo sì wá orúkọ tí n óò máa pè é, gẹ́gẹ́ bí ìyá mi ṣe kọ́ mi kí n tó kúrò ní Èkìtì. Mo wò ó láti òkè délẹ̀, n kò rí ohun tí mo lè yìn lójú rẹ̀, mo bá sọ ọ́ ní Ìbàdíàrán. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn. Láti ọjọ́ náà ló ti ń rìn bí ẹni tí Ọlọ́run dá ìbàdí fún lọ́tọ̀.

Ohun tó ṣe mí rèé. Ní fásitì, mo kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ nínú adágún tí wọ́n fi símẹ́ǹtì mọ. Mo mọ̀ ọ́n débi pé àwọn ọkùnrin a máa dúró wò mí. Ọ̀kan nínú wọn ni mo fẹ́. Aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ mi jẹ́ búlúù, ó ní bẹ́líìtì funfun. Kò pẹ́ tí mo wọlé ọkọ ni mo fọ̀ ọ́, mo sì sá a sórí okùn lẹ́yìnkùlé, nínú oòrùn, bí ọmọ ènìyàn ṣe ń sá aṣọ. Ìbàdíàrán rí i. Ó wá igi, ó fi igi náà gbé aṣọ mi kúrò lórí okùn bí ẹni gbé òkú ejò, ó gbé e wọ pálọ̀, níbi tí ìyá ọkọ mi jókòó sí pẹ̀lú àwọn ìyá ìjọ tí wọ́n wá kí wọn láti Ṣakí.

“Màámi, ẹ wá wo ohun tí ìyàwó wa sá síta o,” ni ó wí. “Gbogbo Agbówó ló ti rí ìdí ìyàwó kí àwa ará ilé tó rí i.”

Àwọn ìyá ìjọ rẹ́rìn-ín títí tíì fi dà sí ọ̀kan lára. Láti ọjọ́ náà, ojú mi kò kan aṣọ náà mọ́. Nígbà tí mo bèèrè, Ìbàdíàrán ní ìyá òun ti dáná sun ún. Èwo ni kí ìyàwó tuntun lọ bá ìyá ọkọ rẹ̀ kó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ̀yin lẹ sun aṣọ mi?” N kò lúwẹ̀ẹ́ mọ́. Jọ́gíráfì ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo máa ń ya òkun sójú pátákó, n óò fi ṣọ́ọ̀kì kùn ún ní búlúù, inú á sì máa bí mi.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ mi Fọlákẹ́, tó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ní òun fẹ́ mú mi lọ sinmi létí òkun ní ilẹ̀ Sípéènì, inú mi dùn. Nígbà tó fi kún un pé Ìbàdíàrán, Àǹtí rẹ̀, náà ń bọ̀, inú mi tún dùn, ṣùgbọ́n lọ́nà mìíràn. Mo ní n óò mú obìnrin yìí kúrò ní Chálẹ́ńjì tó ń gbé, n óò mú un dé ibi tí kò ti ní ará, tí kò ní ọ̀rẹ́, tí kò ní ìyá ìjọ kankan tí yóò bá a rẹ́rìn-ín. Kí a tó padà sílé, yóò sọ òdodo ibi tí aṣọ mi wọlẹ̀ sí. Nítorí n kò gbà á gbọ́ rí pé ìyá ọkọ mi sun ún. Obìnrin tó ń fọ ọ̀rá búrẹ́dì pa mọ́, òun ni yóò dáná sun aṣọ tí kò ya?

Ẹ̀yin ará Bódìjà tí ẹ ń bi mí bí ibẹ̀ ṣe rí, ẹ jókòó. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ lẹ́yìn ìsìn pé wọ́n ní aṣọ pupa ni mo wọ̀ níwájú àwọn òyìnbó, ẹ̀yin náà, ẹ jókòó. Òótọ́ ni.

*Dídé*

N kò ní fi ọ̀rọ̀ bàálù dá yín lágara. A wọ̀ ọ́, ó fò, ó balẹ̀. Ìbàdíàrán gbàdúrà lóhùn òkè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, débi pé òyìnbó tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àmín.

Ìlú kékeré ni. Gbogbo ilé rẹ̀ funfun bí ẹni pé gómìnà ń bọ̀ lọ́la. Ọ̀sán gangan ni a dé, kò sì sí ènìyàn kankan lójú títì. Gbogbo ìsọ̀ tì pa. Fọlákẹ́ ṣàlàyé pé oorun ọ̀sán ni wọ́n ń sùn.

“Gbogbo ìlú?” Ìbàdíàrán bèèrè.

“Gbogbo ìlú, Àǹtí.”

“Tí olè bá wá ńkọ́?”

“Olè náà ń sùn, Àǹtí.”

Ilé alájà kan ni Fọlákẹ́ gbà fún wa, bákónì rẹ̀ dojú kọ òkun. Lórí àtẹ̀gùn ni a ti pàdé obìnrin àgbàlagbà kan tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa, Kámẹ̀n lorúkọ rẹ̀. Mo rọra tẹ orúnkún díẹ̀, mo ní, “Ẹ kú ilé o.” Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó dì mọ́ mi, ó fi ẹnu kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ọ̀tún, ó kan tòsì. Ó kọjá sọ́dọ̀ Ìbàdíàrán. Ìbàdíàrán rò pé ó fẹ́ bá òun sọ ọ̀rọ̀ àṣírí ni. Ó yí etí sí i, ó gbé e sílẹ̀ fún un dáadáa. Obìnrin náà fi ẹnu ko etí.

“Kí ló sọ?” Ìbàdíàrán bi Fọlákẹ́.

“Kò sọ nǹkankan, Àǹtí. Ó kí yín ni.”

“Ó fi ẹnu kí mi?”

Ó fi etí ìró nu etí ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó di ọjọ́ kejì, kò sí ẹni tí kò na ẹ̀rẹ̀kẹ́ sí mọ́. Ó nà á sí ẹni tó ń ta búrẹ́dì. Ó nà á sí ọlọ́pàá.

Lálẹ́ ọjọ́ tí a dé, Fọlákẹ́ kó aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tó rà fún wa jáde. Tèmi pupa bí ata rodo, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ dé ibi tí ẹ̀yìn parí sí. Ti Ìbàdíàrán dúdú, ó ní apá, ó sì ní síkẹ́ẹ̀tì kékeré tó bo itan.

“Àǹtí, mo mọ̀ pé ẹ ò ní fẹ́ kí ara yín hàn síta,” ni ọmọ náà wí.

Ìbàdíàrán wo tirẹ̀. Ó wo tèmi. Ó tún wo tirẹ̀. Ó wá padà sórí tèmi, ojú rẹ̀ sì pẹ́ níbẹ̀.

“Ìyàwó,” ó ní, “ṣé ata lo fẹ́ lọ tà nínú omi ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ìbàdíàrán. Ẹ wá bá mi ná an.”

*Omi iyọ̀*

Àwọn ènìyàn tẹ́ ara wọn sórí yanrìn bí ẹja tí wọ́n sá. Àwọn obìnrin tó jù mí lọ wà níbẹ̀, tí ara wọn rọ̀ wálẹ̀ bí tèmi, tí wọ́n ń jẹ èso, tí wọ́n ń bú ọkọ wọn, tí ẹnikẹ́ni kò wò wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Mo bọ́ ìró mi sílẹ̀. Mo rìn wọ òkun tí mo ti ń fi ṣọ́ọ̀kì yà láti ìgbà èwe mi. Ọ̀gbẹ́ni kan wà tí wọ́n fi ṣe ọ̀gá ilé-ìwé lé mi lórí, tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀sà àti òkun. Mo rántí rẹ̀ bí omi ṣe kan orúnkún mi, mo sì tutọ́ sínú omi nítorí rẹ̀.

Ẹ̀rù bà mí díẹ̀. Mo rò pé ara yóò ti gbàgbé. Mo na ọwọ́, mo fi ẹsẹ̀ ta omi, mo sì ń lọ. Ara kì í gbàgbé. Àwa la máa ń pa á lẹ́nu mọ́. Mo lúwẹ̀ẹ́ débi tí ohùn àwọn tó wà létí òkun kò fi dé etí mi mọ́. Bàbá arúgbó kan tó ń lúwẹ̀ẹ́ bọ̀ ṣí fìlà fún mi nínú omi. Irú ìwà ọmọlúàbí báyẹn, n kò rí i lọ́dọ̀ ọkùnrin kankan ní Bódìjà láti ọjọ́ pípẹ́.

Nígbà tí mo lúwẹ̀ẹ́ padà sún mọ́ etí òkun, mo rí Ìbàdíàrán. Ó wọ aṣọ dúdú náà, ó wá fi ìró dì í pa lókè. Ó jókòó síbi tí omi ti ń kan ẹsẹ̀, ó gbé abọ́ ike tó gbé láti Chálẹ́ńjì sí ẹ̀gbẹ́, ó mú kànrìnkàn, ó mú ọṣẹ. Ìyàwó ilé kan ń wẹ̀ láàárọ̀ ni ẹni tó bá rí i yóò rò. Ó ń bu òkun síra. Ó ń ha ẹsẹ̀. Ọṣẹ kò hó.

“Ìyàwó!” ó kígbe sí mi. “Omi yìí ò dáa! Kò gba ọṣẹ!”

“Iyọ̀ ni, Ìbàdíàrán!”

“Ta ló da iyọ̀ sí i?”

Àwọn ènìyàn ti ń dìde jókòó lórí ẹní wọn láti wò ó. Obìnrin kan wá bèèrè lọ́wọ́ Fọlákẹ́ bóyá ẹ̀sìn wa ni. Fọlákẹ́ ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí ni ìbá tún sọ?

*Òfin*

Ẹ̀yin obìnrin tí wọ́n tọ́ nínú ilé tó ní ìlànà mọ òfin yìí: ohun tí a bá wọ̀ sábẹ́, abẹ́ ni a ń sá a sí. A ó sá ìró sórí okùn, a ó sì rọra fi pátá pa mọ́ sábẹ́ ìró, kí àlejò má baà wọlé kó fi ojú kàn án. Èmi náà ń pa á mọ́. N kò bá pátá jà. Ṣùgbọ́n aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ kì í ṣe pátá.

“Pátá ni,” Ìbàdíàrán wí nínú bálùwẹ̀, níbi tí a ti ń fi omi tútù fọ iyọ̀ kúrò lára aṣọ méjèèjì. “Pátá tó ní èjìká ni.”

“Ìbàdíàrán, gbogbo ayé ló ti rí i lára mi lónìí. Kí la tún fẹ́ fi pa mọ́?”

“Ara rẹ ni wọ́n rí. Wọn ò tíì rí i lórí okùn.”

Bí ẹ bá mọ èsì tí a lè fọ̀ sí irú ọ̀rọ̀ báyìí, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Ó gbé aṣọ méjèèjì kọ́ sórí irin kan nínú bálùwẹ̀, ó fi ìró àǹkárá rẹ̀ tó nípọn bò wọ́n mọ́lẹ̀, ó ti fèrèsé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ẹni tí kò bá wọ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tútù láàárọ̀ rí kò mọ ohun tí Jónà rí. Bíi kí wọ́n fi ẹja wé ènìyàn lára ni. Mo pariwo, Fọlákẹ́ sáré wọlé, ó rò pé mo ṣubú. Lọ́jọ́ kejì ó tún tutù. Lẹ́yìn ìyẹn ó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, bí orí pánla tí wọ́n rẹ sómi tí wọ́n sì gbàgbé. Nígbà tí a wọlé sí ìsọ̀ ẹlẹ́ja ní ìlú náà, ẹlẹ́ja ló kọ́kọ́ fa imú.

Mo ní ó tó. Mo mú tèmi, mo fọ̀ ọ́, mo sá a sórí irin bákónì, níwájú òkun, níwájú oòrùn, níwájú Ọlọ́run. Mo gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ àgbàdo lọ́wọ́ ewúrẹ́.

Kò pẹ́ tí wọ́n kan ilẹ̀kùn. Pẹ́dírò ni, bàbá tó ń tọ́jú ilé náà. Láràárọ̀ ló máa ń kí mi ní “Nàìjíríà!” bí ẹni pé orúkọ tí bàbá mi sọ mí nìyẹn. Lọ́jọ́ yìí kò kí mi. Ó na ìka sí aṣọ pupa náà, ó sì ń sọ̀rọ̀.

“Mọ́mì,” Fọlákẹ́ ní, “ó ní wọn kì í sá aṣọ sí apá ojú òkun níbí. Òfin ìlú ni. Ó ní ojú ń ti ìlú.”

Ẹ̀yìn mi ni mo ti gbọ́ àtẹ́wọ́. Ìbàdíàrán ni.

“Ọlọ́run ò! Ìyàwó, ṣé o gbọ́? Òyìnbó pàápàá mọ̀ ọ́n!” Ó sáré wọ yàrá, ó bu ṣin-ṣín tó gbé láti ilé wá, ó kó o lé Pẹ́dírò lọ́wọ́, ó sì na ẹ̀rẹ̀kẹ́ sí i.

Mo mú aṣọ mi kúrò. Mo ti fò kọjá aṣálẹ̀, mo ti fò kọjá òkun, mo ti dé òkèèrè, ìyá ọkọ mi ni mo sì bá níbẹ̀, tó wọ sálúbàtà, tó dá irùnmú sí.

*Ọ̀dọ̀ Kámẹ̀n*

Kámẹ̀n ti gbọ́ ariwo wa láti ìsàlẹ̀. Ó dì mí lọ́wọ́ mú lórí àtẹ̀gùn, ó fà mí lọ sókè, Fọlákẹ́ ń tẹ̀ lé wa. Ibi tí àtẹ̀gùn parí sí, ó ti ilẹ̀kùn irin kan síwájú, a sì bọ́ sórí òrùlé.

Òrùlé ilé náà tẹ́ pẹrẹsẹ bí àgbàlá. Okùn ló kún ibẹ̀, aṣọ ló kún okùn. Aṣọ ibùsùn, ṣẹ́ẹ̀tì, ìbọ̀sẹ̀, àti pátá. Pátá oríṣiríṣi. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó tó àsíá ìjọba, ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bí ẹni pé kí a dìde dúró fún un. Kámẹ̀n na ọwọ́ sí i, ó fi ọwọ́ lu àyà: tòun ni. Ìtìjú ìlú kò dé orí òrùlé. Apá iwájú tí àlejò ń rí nìkan ni wọ́n ń ṣọ́. Mo rò ó, mo ní èèyàn bíi tiwa mà ni wọ́n.

Mo sá aṣọ mi. Kámẹ̀n wá bi Fọlákẹ́ léèrè obìnrin kejì tó wà lọ́dọ̀ wa, ṣé ẹ̀gbọ́n mi ni. Fọlákẹ́ ní rárá, àbúrò ọkọ ni. Kámẹ̀n wò mí tìyanutìyanu, ó fi ọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú láyà, ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó sì fún mi ní pẹ́ẹ̀gì sí i.

Kí a tó jẹun ọ̀sán tán, aṣọ mi ti gbẹ. Mo gbé e sí imú. Òórùn oòrùn ni ó ń rùn. N kò ní sọ fún yín bí mo ṣe pẹ́ tó tí mo gbé e sí imú.

*Lórí oúnjẹ*

Ará ibẹ̀ máa ń kọ́kọ́ gbé búrẹ́dì fún ènìyàn, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi tan ọmọ. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé ọbẹ̀ ata wá, àwo rẹ̀ tutù. Mo tọ́ ọ wò: tòmátì ni, àlùbọ́sà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n iná kò kàn án rí. Ìbàdíàrán pe ẹni tó gbé e wá, ó ní kí Fọlákẹ́ sọ fún un pé kó fi ilé ìdáná han òun, òun yóò bá wọn dín in. Fọlákẹ́ ní kò ṣeé ṣe. Ìbàdíàrán ní bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ ni wọn kò fẹ́ ṣe, kí wọ́n sọ. Ìrẹsì wọn ló kó mi yọ, ó fẹ́ jọ jọ̀lọ́ọ̀fù lójú, ṣùgbọ́n ìkarahun ló kún inú rẹ̀, àfi kí ènìyàn máa ṣa á kúrò bí òkúta inú ẹ̀wà àtijọ́.

Obìnrin kan tó jókòó nítòsí fẹ́ kí mi. Ó ń fa ọ̀rọ̀ òyìnbó gùn, ó sì ń pariwo rẹ̀ sí mi létí bí ẹni ń bá adití sọ̀rọ̀. Mo fi òyìnbó tó dán ju tirẹ̀ dá a lóhùn. Ó kọjú sí ẹja rẹ̀.

Ibi oúnjẹ yìí ni mo ti ṣàkíyèsí Ìbàdíàrán. Kò jókòó jẹ́ẹ́. Ó gbé ìdí sápá kan, ó gbé e sápá kejì. Ó fi ara ha àga. Aṣọ tó ń wọ̀ ní tútù lójoojúmọ́ ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀: ara ń yún obìnrin náà láti itan dé abíyá. Mo jẹ ìrẹsì mi. Mo ní àsìkò tó.

“Ìbàdíàrán,” mo ní, “ibo ni aṣọ mi wà?”

“Aṣọ wo? Kì í ṣe èyí tó wà lórí òrùlé àwọn òyìnbó?”

“Búlúù.”

Ó sinmi híhara. “O ò tíì gbàgbé aṣọ yẹn? Màámi ló sun ún, mo ti sọ fún ọ.”

“Níbo?”

“Lẹ́yìnkùlé.”

“Ta ló rí i?”

“Ọlọ́run.”

“Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jọ̀ọ́,” Fọlákẹ́ ní. “Àwọn èèyàn ń wò wá.”

“Jẹ́ kí wọ́n wò wá,” ni àwa méjèèjì wí pọ̀. A sì bínú pé ohùn wa papọ̀.

Mo sọ fún un, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé oògùn ara yíyún kò ju oòrùn lọ; àyè wà lórí okùn mi; pẹ́ẹ̀gì wà; kó kàn sọ òdodo fún mi. Ó ní òun yóò kúkú máa yún. Ó sì ń yún.

*Afẹ́fẹ́*

Nígbà tó ku ọ̀la kí a padà, ó bá mi lórí bákónì. Kò lè jókòó mọ́. Aṣọ dúdú rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń kán tótó.

“Ìyàwó, mo fẹ́ gun orí òrùlé yẹn,” ó ní. “Ṣùgbọ́n ìró mi ń bá mi lọ.”

“Ẹ ò nílò ìró, Ìbàdíàrán. Pátá ló kún ibẹ̀.”

“Tiwọn nìyẹn. Èmi, ọmọ bàbá mi ni mí.”

Mo sọ fún un pé afẹ́fẹ́ máa ń fẹ́ wá láti ojú òkun lọ́sàn-án, pé bí ilẹ̀ bá ti gbóná ju omi lọ, dandan ni. Ohun tí mo fi kọ́ ọmọ ènìyàn títí mo fi darúgbó nìyẹn. Ó ní ṣé afẹ́fẹ́ náà le ju ti Agbówó lọ ni. Mo fi í sílẹ̀. A gun òkè. Ó sá tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tèmi tí mo ti fọ̀ sá láàárọ̀, ó tú ìró àǹkárá náà, ó fi bo aṣọ méjèèjì mọ́lẹ̀, ó sì kó gbogbo pẹ́ẹ̀gì mi lé e, títí kan èyí tí Kámẹ̀n fi tọrẹ. Mo ní kó mú tèmi kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ó ní òun kò lè bo ara òun kí òun ṣí ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun sílẹ̀.

Ó padà sí bákónì wa. Mo yà sọ́dọ̀ Kámẹ̀n mu kọfí. A kò gbọ́ èdè ara wa, nítorí náà a kò jà. Ibi tí a ti ń mu kọfí ni mo ti rí ohun pupa kan tó kọjá lójú fèrèsé. Mo ní nínú ọkàn mi pé, ẹyẹ ibí yìí mà lẹ́wà o. Lẹ́yìn náà ni mo rí ìró Ìbàdíàrán tó ń tẹ̀ lé e.

A sáré dé ojú fèrèsé. Ìró náà ti gba afẹ́fẹ́ sínú bí aṣọ ọkọ̀ ojú omi, ó já okùn, ó sì kó ohun gbogbo dání. Ó ti balẹ̀ bo tọkọtaya kan mọ́lẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń jẹun níwájú ilé kọfí. Mo rí orí méjì tó ń jà lábẹ́ àǹkárá. Aṣọ dúdú so rọ̀ lára òpó iná. Tèmi wà lórí àtíbàbà ilé kọfí náà, ó tẹ́ sílẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, pupa fòò.

Mo wá rí Ìbàdíàrán. Láti bákónì ló ti rí i. Obìnrin tí orúnkún kì í jẹ́ kó dìde fún orin ìyìn nínú ìjọ ló ń sáré lójú títì yẹn. Kò wo ìró rẹ̀. Kò wo àwọn tó wà lábẹ́ ìró. Ó kọjá lábẹ́ aṣọ dúdú tirẹ̀ bí ẹni pé kò mọ̀ ọ́n rí. Ìdí àtíbàbà ló lọ. Ó gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń gbálẹ̀, ó na igi rẹ̀ sókè, ó fi gbé aṣọ mi. Mo ti rí obìnrin yẹn pẹ̀lú igi àti aṣọ mi rí. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ó rọra ni, bí ẹni tó ń gbé ẹyin. Nígbà tó bọ́ sí i lọ́wọ́, ó gbọn yanrìn kúrò lára rẹ̀, ó tì í bọ abẹ́ bùbá rẹ̀, ó dì í mọ́ àyà, ó sì sáré padà wọlé. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún un. Ó na ẹ̀rẹ̀kẹ́ sí ọ̀kan lọ́nà.

Mo gun àtẹ̀gùn lọ bá a. Mo rọra ni, nítorí orúnkún, àti nítorí pé mo ń to ọ̀rọ̀ jọ. Ọ̀rọ̀ tí mo tò jọ láti ọjọ́ Agbówó ni, ó pọ̀, ó sì dára. Mo fẹ́ bá a sọ ọ́ tán pátápátá.

Ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ ṣí díẹ̀. Jígí gígùn kan wà lára ògiri níbẹ̀. Ó kẹ́yìn sí mi, ó dojú kọ jígí, ó gbé aṣọ pupa náà lé ara. Ó fi ọwọ́ kan tẹ̀ ẹ́ mọ́ èjìká, ó fi ìkejì nà án kan ìbàdí. Ó fa ikùn wọlé. Ó yí ẹ̀gbẹ́ kan sí jígí, ó yí ẹ̀gbẹ́ kejì. Kò ṣe é bí ẹni tó ń wo ohun tuntun. Ó ṣe é bí ẹni tó ti dúró bẹ́ẹ̀ rí, nínú yàrá mìíràn, pẹ̀lú ilẹ̀kùn títì.

“Ìbàdíàrán,” mo ní.

Ojú wa ṣe mẹ́rin nínú jígí. Kò gbé aṣọ náà sílẹ̀. Ó tún fi àtẹ́lẹwọ́ nà án lẹ́ẹ̀kan sí i, láti ikùn lọ sí ẹ̀gbẹ́, ó wo ibi tí aṣọ parí sí, ó wo ibi tí ìbàdí rẹ̀ ṣì ń lọ, ó sì mí kanlẹ̀.

“Ìyàwó,” ó ní, “búlúù yẹn ò tiẹ̀ gba ìdí mi kọjá.”